Gbèsè Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀: Bí Ìlú Ṣe Ń Gba Àdúgbò Mọ́ra, àti Owó Orí Tó Ń Bá A Rìn

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí owó orí ilé. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Houston àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, bíi Katy, Richmond, Cypress àti Sugar Land, níbi tí ọmọ Yorùbá ti pọ̀ dáadáa. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé, ẹ má tíì pa rédíò o. Bí ọmọ yín tó wà ní Texas bá sọ pé òun ti san owó ilé tán, pé kò sí nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ òun, ó lè jẹ́ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ní oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ọdún ni ìwé owó orí ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni, nítorí náà orí ilé àti ilẹ̀ ni àwọn ìjọba kéékèèké gbójú lé. Bí ẹ bá wo ìwé náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ìlà bíi mélòó kan ló wà nínú rẹ̀. Káúńtì ní ìlà tirẹ̀, àwọn iléèwé ní tiwọn, iṣẹ́ panápaná ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí ìlà kan tí wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta sí: MUD. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì tuntun, ìlà yìí tóbi ju ti káúńtì lọ. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Municipal Utility District. Àjọ omi àdúgbò ni a ó máa pè é.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń bí i. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ilé ẹgbẹ̀rún méjì sórí pápá tí màlúù ti ń jẹko, ní ìta ìlú. Páìpù omi ìlú kò dé ibẹ̀, kò sí ojú ọ̀nà fún omi ìdọ̀tí, kò sí ibi tí àgbàrá òjò yóò gbà lọ. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Èkó tàbí Ìbàdàn ni, onílé kọ̀ọ̀kan á gbẹ́ bóhò tirẹ̀, á gbẹ́ sọkàwéè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní Texas, òfin gbà wọ́n láyè láti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ní 1917 ló la ọ̀nà fún irú àjọ bẹ́ẹ̀, òfin 1971 ló sì dá MUD gan-an sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà yóò tọ ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní TCEQ. Bí wọ́n bá gbà fún un, wọn ó ṣètò ìbò. Ta ni yóò dìbò nínú pápá tí kò tíì sí ilé? Àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n kó wá síbẹ̀ ni. Àwọn olùdìbò tí a lè fi ìka ọwọ́ kà ti máa ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ní orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún onílé tí kò tíì dé. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ yóò fi owó ara rẹ̀ rì páìpù mọ́lẹ̀. Bí ilé bá ti ń pọ̀, àjọ omi yóò ta bọ́ǹdì, ìyẹn ni pé yóò yáwó lọ́wọ́ àwọn olówó, yóò sì fi san owó ilé-iṣẹ́ náà padà. Agbẹjọ́rò àgbà Texas gbọ́dọ̀ yẹ bọ́ǹdì náà wò kí wọ́n tó tà á. Àwọn onílé ni yóò wá máa san án díẹ̀díẹ̀, ó lè tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún.

Ọ̀nà méjì ni owó orí MUD pín sí. Apá kìíní ń lọ sí ìtọ́jú: owó iná tó ń fa omi, owó àwọn òṣìṣẹ́, àtúnṣe páìpù tó bẹ́. Apá kejì ń lọ sí gbèsè bọ́ǹdì. Apá kejì yìí kò ní òpin nínú òfin: iye tó bá yẹ kí wọ́n fi san gbèsè ni wọn ó bù lé onílé lórí. Ohun tó ń mú un wálẹ̀ ni pé ilé ń pọ̀ sí i. Gbèsè kan náà tí ilé igba ń gbé lónìí, bí ilé bá di ẹgbẹ̀rún méjì, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan á fúyẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀sítéètì tuntun fi lè máa san ju dọ́là kan lọ lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ilé bá tó, tí èyí tó ti pẹ́ sì lè máa san sẹ́ǹtì díẹ̀.

Ibo wá ni ìlú ti wọlé sí ọ̀rọ̀ yìí?

Láti 1963 ni òfin Texas ti ṣètò pé ìlú kọ̀ọ̀kan ní bèbè kan ní ìta ààlà rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ETJ. Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ bá ju 100,000 lọ, bèbè rẹ̀ lè tó máìlì márùn-ún. Àwọn tó ń gbé ní bèbè kì í san owó orí ìlú, wọn kì í sì í yan mẹ́yọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀: kò sẹ́ni tó lè dá MUD sílẹ̀ lórí bèbè náà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ìlú. Houston fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ, torí ètò náà dára lójú ìjọba ìlú. Ẹlòmíràn ni yóò ná owó páìpù, ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí àdúgbò bá ti gbó, tí gbèsè ti fẹ́ tán, ìlú á wá gbà á mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí òfin sọ lórí ìgbà tí ìlú bá gba àdúgbò mọ́ra pátápátá. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlú kò gbọ́dọ̀ bu díẹ̀ lára MUD kó fi ìyókù sílẹ̀, àyàfi ní àwọn ibi tí òfin yọ sílẹ̀. Bó bá máa mú, kó mú gbogbo èyí tó wà ní ìta ààlà rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ìlú bá ti gba odindi MUD, àjọ omi náà yóò tú ká. Páìpù, ẹ̀rọ, ilẹ̀ àti owó tó wà ní báǹkì di ti ìlú. Gbogbo gbèsè náà di ti ìlú. Ẹni tó bá jogún ilé bàbá rẹ̀ mọ bó ṣe rí: àwọn tí bàbá jẹ lówó á wá, wọn ò ní bá ilé sọ̀rọ̀, àrólé ni wọn ó bá sọ̀rọ̀.

Nínú ìwé owó orí rẹ, ìlà MUD á lọ, ìlà ìlú á dé. Ìlà káúńtì àti ti iléèwé kò ní yẹ̀ lórí èyí. Owó ẹgbẹ́ onílé, ìyẹn HOA, dúró síbẹ̀, torí àdéhùn ilẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba. Àjọ panápaná àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní ESD, tí òfin kò jẹ́ kó gbà ju sẹ́ǹtì 10 lọ lórí 100 dọ́là, ìlú lè yọ àdúgbò náà kúrò nínú rẹ̀ kó sì rán panápaná tirẹ̀ wá. Ọlọ́pàá ìlú á rọ́pò àwọn ọlọ́pàá káúńtì. Owó omi náà lè yí padà. Òfin tilẹ̀ gba ìlú láyè, bó bá ti wà nínú àdéhùn tó fi fọwọ́ sí MUD, láti bu owó omi àrà ọ̀tọ̀ lé àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, kó lè fi san lára gbèsè tó jogún. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́: gbèsè tó ti wà nínú ilẹ̀, bí kò bá gba ojú owó orí jáde, ó lè gba ojú owó omi.

Ṣé owó orí á wá lọ sókè ni àbí á wálẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní Bàbá Ṣọlá àti Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan ní bèbè Houston, tí ilé kọ̀ọ̀kan tó 300,000 dọ́là, ká sì gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó tí ìjọba ń ṣe fún onílé tì ná. Ẹ̀sítéètì Bàbá Ṣọlá jẹ́ tuntun: MUD ń gba sẹ́ǹtì 70 lórí 100 dọ́là, ìyẹn 2,100 dọ́là lọ́dún. Ti Ìyá Bọ́sẹ̀ ti pẹ́, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san gbèsè tán: sẹ́ǹtì 25 ni MUD tiwọn ń gbà, ìyẹn 750 dọ́là. Àwọn méjèèjì ń san 300 dọ́là fún panápaná. Àpapọ̀ ti Bàbá Ṣọlá jẹ́ 2,400, ti Ìyá Bọ́sẹ̀ jẹ́ 1,050.

Owó orí ìlú Houston ní 2024 jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 52 lórí 100 dọ́là. Lórí ilé 300,000, ìyẹn jẹ́ 1,560 dọ́là. Bí Houston bá gba àdúgbò méjèèjì, tí MUD àti ESD sì kúrò lọ́rùn wọn, Bàbá Ṣọlá á jèrè 840 dọ́là lọ́dún. Ìyá Bọ́sẹ̀ á fi 510 dọ́là kún èyí tó ń san tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wò ó láti ọ̀dọ̀ ìlú. Bó bá gba àdúgbò Bàbá Ṣọlá, gbèsè ńlá ló gbé lérí, gbogbo ará ìlú ni yóò sì máa bá wọn san án. Bó bá gba ti Ìyá Bọ́sẹ̀, owó orí ló ń wọlé, gbèsè kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹni tí ì bá jàǹfààní nínú wíwọ ìlú, ìlú kò fẹ́ ẹ. Ẹni tí ìlú ń fẹ́, òun gan-an ni kò ní nǹkan kan láti rí jẹ níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé èyí o, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìjà tó ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde.

Ìjà tó lókìkí jù ni ti Kingwood, ní àríwá ìlà-oòrùn Houston. Láti 1971 ni wọ́n ti ń kọ́ ilé síbẹ̀ láàárín igbó. Nígbà tó fi di 1996, ó ti di àdúgbò ńlá tó rí já jẹ. Ìjọba ìlú Houston, lábẹ́ Mẹ́yọ̀ Bob Lanier, pinnu láti gbà á mọ́ra. Àwọn ará Kingwood kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà kò béèrè ìbò lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú dìbò, Kingwood di Houston. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, Houston sì fá orí àwọn ará Kingwood lẹ́yìn wọn.

Ìlú ní àwíjàre tirẹ̀ o. Àwọn tó ń gbé ní bèbè ń wọ inú ìlú wá ṣiṣẹ́, wọ́n ń gun títì ìlú, wọ́n ń lo pápákọ̀ òfuurufú ìlú. Bí àwọn tó rí já jẹ bá ń sá lọ sí ìta ààlà, tí àwọn tálákà nìkan ṣẹ́kù sínú, ta ni yóò máa tún ìlú ṣe? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Síbẹ̀ ariwo Kingwood dé ilé aṣòfin. Ní 1999 wọ́n ṣe òfin tuntun pé ìlú gbọ́dọ̀ kọ ètò ọdún mẹ́ta sílẹ̀ kó tó gba ọ̀pọ̀ àdúgbò tí èèyàn ń gbé.

Houston wá ọ̀nà mìíràn. Òfin ti fi àyè sílẹ̀ fún àdéhùn kan láàárín ìlú àti MUD: ìlú á gba àwọn ilé ìtajà nìkan mọ́ra, á fi ilé ìgbé sílẹ̀. Kò ní gba owó orí ilé kankan níbẹ̀. Owó orí ọjà ló ń wá, ìyẹn sẹ́ǹtì kan lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá ná. Houston máa ń pín in sí méjì, á mú ìdajì, á fún MUD ní ìdajì. Irú àdéhùn yìí tí Houston ti ṣe ju 200 lọ. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ ìlú náà, ẹ ó rí àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ lé títì ńlá jáde lọ jìnnà: ilé ìtajà nìkan ló wà nínú wọn. Ẹni tó ń gbé ní bèbè, tó ń ra aṣọ àti bàtà ní ìsọ̀ tó wà lẹ́nu títì, ń sanwó fún Houston láìjẹ́ ará Houston, kò sì ní ìbò kankan fún mẹ́yọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì owó náà padà sí MUD tirẹ̀, ó lè fi sin gbèsè tàbí kó fi gba ọlọ́pàá sí àdúgbò. Lójú tèmi, ìlú jẹ, àdúgbò náà jẹ, àfi kí onílé máa bi MUD rẹ̀ léèrè ohun tó ń fi ìpín tirẹ̀ ṣe.

Sugar Land, ní káúńtì Fort Bend, gba ọ̀nà tó tutù. Ó bá àwọn MUD àdúgbò Greatwood àti New Territory jókòó, wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, kí gbèsè lè wálẹ̀ kí ìlú tó mú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2017 ni àdúgbò méjèèjì di ara Sugar Land, tí nǹkan bí 30,000 èèyàn fi kún ìlú náà lójijì. Àwọn àjọ omi tú ká. Ṣùgbọ́n àwọn àjọ tó ń tọ́jú ògiri ìdènà ìkún omi, ìyẹn LID, kò tú ká, owó orí wọn sì dúró. Torí náà, ẹni tó bá rò pé bí àdúgbò bá ti wọ ìlú, gbogbo àjọ kéékèèké ti parẹ́ nìyẹn, kó tún ìwé rẹ̀ wò.

Ọdún 2017 yẹn kan náà ni òfin yí padà. Ilé aṣòfin Texas sọ pé ní àwọn káúńtì ńlá, ìlú kò gbọ́dọ̀ gba àdúgbò tí èèyàn ń gbé mọ́ra mọ́ láìgba ìyọ̀ǹda wọn, yálà nípa ìbò tàbí nípa ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní 2019 wọ́n fa òfin náà dé gbogbo káúńtì. Ní 2023 wọ́n tún gba àwọn tó wà ní bèbè láyè láti béèrè pé kí a yọ àwọn kúrò lórí bèbè pàápàá. Lọ́dún náà ni òfin mìíràn pàṣẹ pé kí àwọn àdúgbò kan tí ìlú ńlá gbà láàárín 2015 sí 2017 dìbò bóyá wọ́n fẹ́ dúró. Àdúgbò Lost Creek, tí Austin gbà ní 2015, dìbò ní oṣù karùn-ún 2024. Wọ́n jáde kúrò nínú Austin.

Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀ sí òfin wọ̀nyí, ìdí sì wà tí wọ́n fi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Bàbá Ṣọlá àti Ìyá Bọ́sẹ̀. Bí ó bá di ìbò, àdúgbò Ìyá Bọ́sẹ̀ á sọ pé rárá. Ti Bàbá Ṣọlá lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìlú kò ní pè wọ́n síbi ìbò. Ohun tí a ó máa rí ni pé MUD tí wọ́n dá sílẹ̀ bí ohun ìgbà díẹ̀ yóò di ìjọba ayérayé. Páìpù tí wọ́n rì ní 1975 á gbó lọ́wọ́ rẹ̀, á ní láti tún bọ́ǹdì mìíràn tà, kò sì ní sí ìlú tí yóò bá a gbé e. Ẹni tó bá ń yọ̀ pé ìlú kò lè mú àwọn mọ́, kó mọ̀ pé òun náà ni ìlú báyìí.

Kí ló yẹ ká ṣe? Ẹni tó fẹ́ ra ilé, kó béèrè ìwé ìkìlọ̀ MUD kó tó fọwọ́ sí àdéhùn. Òfin sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń ta ilé láti fún un. Iye owó orí wà nínú rẹ̀, iye bọ́ǹdì tí wọ́n ti fọwọ́ sí wà nínú rẹ̀, yóò sì sọ bóyá ilẹ̀ náà wà ní bèbè ìlú kan. Ẹ má jẹ́ kí ilé ìdáná tó ń dán bo ìwé yìí lójú yín; bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, bí a bá ń yọ̀ náà, ó yẹ kí a máa ríran. Ẹ ṣírò MUD, ESD àti LID pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ilé kan dínwó ju èkejì lọ. Ẹ tún béèrè bóyá inú ìlú ni MUD náà wà, torí MUD wà tó jẹ́ pé inú ìlú gan-an ni wọ́n dá a sí, tí onílé ń san ti ìlú, tó tún ń san ti MUD.

Ẹni tó ti ra ilé, èèyàn márùn-ún ló ń darí MUD yín. Ìbò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò, àwọn ló sì ń pinnu iye tí ẹ ó san lọ́dọọdún. Ìpàdé wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n àga sábà máa ń ṣófo níbẹ̀. Ẹ lọ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: gbèsè wo ló ṣẹ́kù, ìgbà wo ni yóò tán, àdéhùn wo la bá ìlú ṣe? Bí ìdáhùn bá sì já sí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ yẹ kí ẹ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga márùn-ún yẹn, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìbò tó ń bọ̀. Àga MUD kò ga jù yín lọ.